Ta ni ó jókòó kọ ohun tí ó wà lára àpò sìmẹ́ńtì wa?

Alábúlọ́ọ̀kù Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará ilé yìí, mo kí yín o. Búlọ́ọ̀kù ni mo ń mọ tà ní ọ̀nà Ṣágámù ní Ìkòròdú, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan rán ẹnjiníà rẹ̀ wá wo ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta búlọ́ọ̀kù tí mo ti mọ kalẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà kò tíì fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kankan tí ó fi kọjá sí ìdí òkìtì àpò sìmẹ́ńtì tí a ti lò tán, ó fa ọ̀kan yọ, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó sì ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo kà á jáde: CEM II/B-L 32.5R, àti NIS 444-1 nísàlẹ̀. Ó ní òun kò lè gba búlọ́ọ̀kù náà, nítorí pé 42.5 ni àdéhùn. Òótọ́ ni ó sọ. Ọmọ tí mo rán lọ sọ́jà gba èyí tí wọ́n nà sí i ní ṣọ́ọ̀bù, èmi náà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí wọ́n já a sílẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀bi mi ni, mo sì ti ń mọ òmíràn.

Ọ̀rọ̀ tí ẹnjiníà náà sọ kí ó tó wọ ọkọ̀ ni ó gbé mi wá síbí. Ó ní gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà yẹn, láti Yúróòpù ni wọ́n ti wá, pé àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n jókòó kọ ọ́ tí Nàìjíríà sì mú un lò. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ta ni àwọn ará ibẹ̀ yìí? Ṣé ìjọba ni, àbí àwọn tí wọ́n ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì? Báwo ni orílẹ̀-èdè tí kò gbọ́ èdè ara wọn ṣe ń fẹnu kò lórí nǹkan bẹ́ẹ̀? Kí sì ni 32.5 yẹn ń wọ̀n gan-an, kí ni R? Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, kí ó jọ̀ọ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fún mi ní kíkún, nítorí owó mi ni ó bá a lọ.

Bàbá Yàrá Ìdánwò, Ẹ̀pẹ́

Ìyá oníbúlọ́ọ̀kù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo lò nínú yàrá ìdánwò ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tí ọwọ́ mi ti mọ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí n wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n kọ ọ́.

Agbára ni 32.5 ń wọ̀n. A óò wọn sìmẹ́ńtì 450 gíráàmù, iyanrìn 1,350 gíráàmù àti omi 225 gíráàmù. Kò gbọdọ̀ lé, kò sì gbọdọ̀ dín. Iyanrìn náà kì í ṣe èyí tí ẹ ń rí kí wọ́n máa fà jáde nínú ọ̀sà. Inú àpò kékeré ni ó ń gbé wá, ó gbẹ, ó mọ́, wọ́n sì ti fi asẹ́ yan hóró rẹ̀, kékeré àti ńlá, sí iye tí ìwé sọ, kí ẹni tí ó ń dán an wò ní Lisbon àti ẹni tí ó ń dán an wò ní Helsinki má baà rí èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí iyanrìn. A óò pò ó pọ̀, a óò kó o sínú àwòṣe irin tí ó ń mú ọ̀pá kéékèèké mẹ́ta jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ mílímítà 40 ní ìbú, 40 ní gíga, 160 ní gígùn. Tábìlì kan wà tí ó ń gbé àwòṣe náà sókè díẹ̀ tí ó sì ń jù ú sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde kúrò nínú rẹ̀: ìgbà 60 fún ìpele ìsàlẹ̀, ìgbà 60 fún ti òkè. Gbà, gbà, gbà, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Mo ṣì ń gbọ́ ìró rẹ̀ lójú oorun nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ kejì a óò tú àwòṣe, a óò rì wọ́n sínú omi tí a ń ṣọ́ kí ó má kúrò ní ìwọ̀n 20 lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n òtútù. Tí ọjọ́ 28 bá pé, a óò ṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, a óò wá fi ẹ̀rọ tẹ ìlàjì kọ̀ọ̀kan títí yóò fi fọ́. Agbára tí ó gbà kí ó tó fọ́, tí a pín ka ojú ibi tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ ẹ́, ni a ń fi 32.5 tàbí 42.5 pè. Ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ wá sílẹ̀ jù ú lọ ni.

R àti N ń sọ bí ó ṣe ń tètè gba agbára sí. Sìmẹ́ńtì 42.5N gbọ́dọ̀ tó 10 ní ọjọ́ kejì, 42.5R sì gbọ́dọ̀ tó 20 láàárín ọjọ́ méjì kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tètè gbé búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kúrò nílẹ̀ mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́. Ní ti B-L, òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn ni L ń sọ. B ní ó tó ìdá 21 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ó bá jẹ́ A-L ni, ìdá 6 sí 20 ni.

Ẹ wá jẹ́ kí á lọ sí Yúróòpù. Ìwé tí nọ́ńbà wọ̀nyí ti jáde ni EN 197-1. Àjọ tí ó ni í ń jẹ́ CEN. Ọdún 1961 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù sì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba. Àwọn àjọ òṣùwọ̀n orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, orílẹ̀-èdè kan àjọ kan: DIN láti Jámánì, AFNOR láti Faransé, BSI láti Bírítéènì, títí wọ́n fi pé 34. Ẹ kíyèsí i pé Bírítéènì ti kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣùgbọ́n BSI kò kúrò nínú CEN. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àwọn ènìyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀.

Ní ọdún 1969 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé Yúróòpù nígbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá òṣùwọ̀n kan ṣoṣo fún sìmẹ́ńtì, kí àpò sìmẹ́ńtì má baà máa dúró ní ẹnubodè kí wọ́n tún un dán wò ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ̀. Ní 1973 wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún CEN, CEN sì fi í lé ìgbìmọ̀ onímọ̀ rẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 51 lọ́wọ́, èyí tí àjọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ń ṣe akọ̀wé fún. Wọ́n rò pé oríṣi sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni àwọn yóò kọ sínú rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Ṣùgbọ́n kò sí orílẹ̀-èdè tí kò ní èyí tí bàbá ńlá wọn ti fi kọ́lé. Ìdàrọ́ ilé iṣẹ́ irin ni àwọn ará Jámánì ti ń lọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì wọn tipẹ́. Àwọn ará Ítálì ní eérú òkè tí ó ń yọ iná, èyí tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ pàápàá ti lò. Àwọn ará Faransé sì mọ òkúta ẹfun lò. Ta ni yóò gbà kí wọ́n yọ ti òun sílẹ̀? Nígbà tí ìwé náà jáde ní ọdún 2000, oríṣi sìmẹ́ńtì 27 ni ó wà nínú rẹ̀, ọdún 31 sì ti kọjá láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé B-L tí wọ́n ń wò yẹn, ìjókòó àìmọye ni ó mú un jáde.

Bí ó ṣe ń rìn nìyí. Ẹnikẹ́ni lè mú àbá wá: àjọ orílẹ̀-èdè kan, ẹgbẹ́ oníṣòwò, tàbí ìjọba Yúróòpù fúnra rẹ̀. Tí ìgbìmọ̀ bá ti gbà á wọlé, gbogbo àjọ tó kù gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró lórí ohunkóhun tí wọ́n bá ń kọ ní ilé tiwọn lórí ọ̀rọ̀ kan náà, kí ẹnì kan má baà máa fi ọwọ́ kan kọ́ kí ó sì máa fi ọwọ́ kejì wó. Ẹgbẹ́ kékeré àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú yóò kọ ìwé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa ń fi í sí gbangba fún ọ̀sẹ̀ 12, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì, tí àjọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn rẹ̀, yóò kó wọn jọ, yóò sì dìbò. Gbogbo àríwísí tí ó bá wọlé ni ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ èsì sí i: a gbà á, tàbí a kò gbà á, ìdí sì nìyí. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣì kù nílẹ̀ lẹ́yìn èyí, wọ́n á tún ìwé náà ṣe, wọ́n á sì gbé e lọ fún ìbò ìkẹyìn tí ó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìbò náà kì í ṣe orí-ò-jorí, nítorí pé bí orílẹ̀-èdè ṣe tóbi tó wà nínú bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ohun tí ó mú Yúróòpù yàtọ̀ wà lẹ́yìn ìbò. Tí ó bá ti wọlé, gbogbo àjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gbọ̀n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di òṣùwọ̀n orílẹ̀-èdè tiwọn, nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fún wọn, kí wọ́n sì fa èyí tí ó bá takò ó nínú ìwé àtijọ́ wọn ya. Ẹni tí ó dìbò lòdì sí i pàápàá kò lè sọ pé kò kan òun. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí DIN EN 197-1, BS EN 197-1 àti NF EN 197-1: ara kan náà ni wọ́n, agbádá ni ó yàtọ̀. Tí ó bá fi máa di ọdún márùn-ún, wọ́n gbọ́dọ̀ tún padà wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹnjiníà Kékeré, Ìkòròdú

Bàbá wa, ẹ ṣeun fún àlàyé tí ó kún yìí. Mo ti ń fọ́ búlọ́ọ̀kù ní yàrá ìdánwò láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ọdún 31 ni ìwé sìmẹ́ńtì yẹn gbà. Ibì kan wà tí mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ ṣe àfikún sí, ibi tí ẹ ti sọ pé CEN kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí a bá dá a dúró síbẹ̀, Mọ̀mí lè rò pé ìjọba Yúróòpù kò lọ́wọ́ sí i rárá.

Òṣùwọ̀n CEN fúnra rẹ̀ kì í ṣe òfin. Ẹni tí ó bá wù ú lè ṣe ọjà rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1985 ni Yúróòpù ti pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà méjì: àwọn aṣòfin á kọ ohun tí ọjà gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ṣókí, pé kí ó má ṣe pa ènìyàn, kí ilé má wó, wọ́n á wá ní kí CEN àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ bí a ṣe ń ṣe é, bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, àti iye tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Nígbà tí CEN bá parí, tí ìjọba Yúróòpù sì tẹ nọ́ńbà ìwé náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọba wọn, ẹni tí ó bá tẹ̀lé e ni a ó kà sí ẹni tí ó pa òfin mọ́, títí ẹnì kan yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin nọ́ńbà 1025 ti ọdún 2012 ni ó ń darí gbogbo ètò yìí báyìí. EN 197-1 sì wà lára irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun èlò ìkọ́lé tilẹ̀ le ju ọjà mìíràn lọ, nítorí pé níbi tí irú òṣùwọ̀n yìí bá ti wà fún wọn, dandan ni lílò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹjọ́ kan tí ó kan àwa tí a wà nídìí ilé kíkọ́. Ní Dublin, olú ìlú Ireland, ilé iṣẹ́ James Elliott kọ́ ilé àwọn ọ̀dọ́ kan sí Ballymun. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó sábẹ́ ilẹ̀ ilé náà ni wọ́n rà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Irish Asphalt. Kò pẹ́ tí ilé parí tí ilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ògiri sì ń sán. Nígbà tí wọ́n hú u, wọ́n rí i pé òkúta náà ní páírítì nínú, ohun kan tí ó máa ń tàn bí wúrà, tí ó sì máa ń wú tí afẹ́fẹ́ àti omi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òṣùwọ̀n CEN kan wà fún irú òkúta bẹ́ẹ̀, EN 13242. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ireland, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ Yúróòpù pé, ìwé tí àjọ aládàáni kọ, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ní àṣẹ láti túmọ̀ rẹ̀? Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2016, wọ́n dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni: níwọ̀n ìgbà tí ìjọba ti fi àṣẹ ní kí wọ́n kọ ọ́, tí ó sì ti tẹ nọ́ńbà rẹ̀ jáde, ó ti di ara òfin Yúróòpù.

Láti ìgbà náà ni ìjọba wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú abẹ́rẹ́ wo ìwé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ jáde, nítorí pé òfin ni wọ́n ń fọwọ́ sí báyìí. Òṣùwọ̀n ohun èlò ìkọ́lé sì há sójú ọ̀nà. EN 197-5 jáde ní 2021 fún àwọn sìmẹ́ńtì tuntun tí kílíńkà inú wọn, ìyẹn hóró òkúta sísun tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ńtì, kò pọ̀, kí èéfín tí ń jáde nígbà tí wọ́n ń sun kílíńkà lè dín kù. Àwọn onímọ̀ ti fẹnu kò lé e, ṣùgbọ́n ó jáde láìsí pé ìjọba Yúróòpù tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wọn. Lójú tèmi, ìdájọ́ náà tọ́, nítorí pé ẹni tí ilé rẹ̀ sán gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò mú ẹjọ́ lọ. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ìṣọ́ra tí ó tẹ̀lé e ti ń dí àwọn ìwé tí kò ní àbùkù kankan lọ́wọ́.

Aláwáyà Àgbádárìgì

Mo kí gbogbo ilé. Wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti gílóòbù ni mo ń tà ní Àgbádárìgì. Ti iná mànàmáná kò sí lọ́wọ́ CEN. CENELEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ni ó ń rí sí i, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ETSI, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1988 ní ilẹ̀ Faransé, ń rí sí ti ìbánisọ̀rọ̀. Nínú ETSI, àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn ni wọ́n ń wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́, kódà àwọn tí kì í ṣe ará Yúróòpù. GSM tí gbogbo wa ń lò láti 2001, ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù Yúróòpù ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982 kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ ETSI ní 1989. Ẹ má sì rò pé gbogbo nǹkan ni wọ́n máa ń fẹnu kò lé lórí o. Títí di òní, wọn kò rí orí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé bá ara wọn sọ: oníhò mẹ́ta gbọ̀ngbọ̀n-gbọ̀ngbọ̀n tí a bá lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti Jámánì tí ẹnu rẹ̀ rí roboto, ti Ítálì, kálukú di tirẹ̀ mú.

Lẹ́tà CE tí ẹ máa ń rí lára ọjà, ọ̀pọ̀ oníbàárà mi máa ń rò pé Yúróòpù ni ó yẹ̀ ẹ́ wò tí ó sì lù ú lóńtẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣe ọjà ni ó ń fi í sí i lára, pé òun fi ọwọ́ ara òun sọ pé òun pa òfin ibẹ̀ mọ́. Àwọn ọjà kan wà tí àjọ mìíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé wá yẹ̀ wò kí ó tó lè fi í sí i, sìmẹ́ńtì sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọjà tí mo ń tà kò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè tèmi ṣe kókó, mo sì fẹ́ kí Bàbá dá mi lóhùn. Orílẹ̀-èdè 34 jókòó, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Wọ́n fi iyanrìn inú àpò dán an wò nínú omi tí ó tutù ní ìwọ̀n 20, nígbà tí omi inú gáláọ̀nù mi níbí kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ lóru pàápàá. Kí ló dé tí a fi gba òṣùwọ̀n ẹlòmíràn bí ẹni gba aṣọ ìlò? Àti pé, tí Mọ̀mí bá fẹ́ ka EN 197-1 yẹn lónìí, owó ni yóò fi rà á. Báwo ni ènìyàn ṣe ń pa òfin tí kò lè kà mọ́?

Bàbá Yàrá Ìdánwò, Ẹ̀pẹ́

Aláwáyà, ìbéèrè rẹ dùn mọ́ mi. Ti owó ni n óò kọ́kọ́ mú. Títà ìwé ni ó ń bọ́ àwọn àjọ orílẹ̀-èdè wọ̀nyẹn, torí náà wọn kì í fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ méjì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù nítorí òṣùwọ̀n mẹ́rin, tí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti ohun ìṣeré ọmọdé, wọ́n sì jàre ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2024. Ilé ẹjọ́ ní àwọn ìwé tí ó bá ti di ara òfin, gbogbo ènìyàn ni ó yẹ kí ó lè rí wọn kà. Ohun tí ìwọ béèrè gan-an ni wọ́n dá lẹ́jọ́.

Ti omi àti iyanrìn, ìdánwò yẹn kì í ṣe àfiwé ilé rẹ. Ó wà kí a lè fi sìmẹ́ńtì wé sìmẹ́ńtì, èyí tí ó wá láti ibí àti èyí tí ó wá láti ọ̀hún, lórí ilẹ̀ kan náà. Tí olúkúlùkù bá fi iyanrìn odò tirẹ̀ dán an wò, iyanrìn ni a ń wọ̀n, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Nítorí náà nígbà tí SON, àjọ tí ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, mú NIS 444-1 jáde láti inú EN 197-1, n kò rí i bí ẹni gba aṣọ ìlò. Iṣẹ́ ọdún 31 àwọn ẹlòmíràn ni a lò, ó sì bá àwọn ilé iṣẹ́ wa mu nítorí pé òkúta ẹfun pọ̀ nílẹ̀ wa.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú rẹ ni pé ohun tí a ń fi sìmẹ́ńtì ṣe níbí yàtọ̀. Búlọ́ọ̀kù oníyanrìn bíi tiwa kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, kò sì sí ẹni tí yóò bá wa rò ó. Ní 2014, SON kéde fúnra rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi 32.5 rẹ́ ògiri nìkan, kí 42.5 jẹ́ ti òpó, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù, kí 52.5 sì jẹ́ ti afárá. Kò sí ìyẹn nínú EN 197-1. Nàìjíríà ni ó sọ ọ́, lẹ́yìn tí ilé ti wó pa ènìyàn, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ láàárín àwọn ilé iṣẹ́ nígbà náà. Ìyá oníbúlọ́ọ̀kù, ìkéde yẹn ni ẹnjiníà oníbàárà yín dúró lé.

Síbẹ̀ ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Àpò náà kò sọ nǹkan kan nípa búlọ́ọ̀kù yín. Sìmẹ́ńtì ni ó ń sọ. Ẹni tí ó ra 42.5 tí ó sì fi àpò kan mọ ogójì búlọ́ọ̀kù lè ní búlọ́ọ̀kù tí ọmọdé lè fi ọwọ́ rún. Búlọ́ọ̀kù ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, NIS 87, àwa ọmọ Nàìjíríà ni a kọ ọ́. SON ní ìgbìmọ̀ onímọ̀ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí CEN ti ní, àwọn ilé iṣẹ́, olùkọ́ yunifásítì àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ni wọ́n ń pè síbẹ̀. Mo bá wọn jókòó nígbà méjì ní tèmi, lórí ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì. Àwọn tí wọ́n ni ilé iṣẹ́ ńlá wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn lo sìmẹ́ńtì, bíi bíríkìlà àti alábúlọ́ọ̀kù, n kò rí ẹyọ kan ṣoṣo.

Ẹnjiníà Kékeré, Ìkòròdú

Àìsí àwọn oníṣẹ́ kékeré níjòókòó yìí, Yúróòpù náà ti jìyà rẹ̀. Ẹni tí ó ní owó ọkọ̀ òfuurufú àti òṣìṣẹ́ tí ó lè fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ lóṣooṣù ni ó ń kọ ìwé. Ìdí nìyẹn tí òfin 2012 tí mo dárúkọ lókè fi ní kí ìjọba fi owó ti àwọn ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn láti lè jókòó: ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ àwọn tí ń rí sí àyíká, àti ti àwọn oníṣòwò kékeré, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Small Business Standards, ní Brussels. Wọn kì í dìbò, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń kọ àríwísí sílẹ̀. Tí irú rẹ̀ bá wà níbí, Mọ̀mí ni ó yẹ kí ó lọ.

Alábúlọ́ọ̀kù Ìkòròdú

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run yóò bù kún ìmọ̀ yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ní kí ọmọ mi kà á fún àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń pò iyanrìn. Láti àná ni mo ti ní kí wọ́n má ṣe já sìmẹ́ńtì kankan sílẹ̀ láìka ẹ̀gbẹ́ àpò rẹ̀ sí mi létí.

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ nípa ogójì búlọ́ọ̀kù láti inú àpò kan dùn mí, nítorí pé mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, owó tí wọ́n ń tà á sì ni àwọn oníbàárà fi ń na èmi lójú. Ẹgbẹ́ alábúlọ́ọ̀kù wa ní Ìkòròdú máa ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù. Ọ̀rọ̀ owó orí àti ti àwọn ọlọ́kọ̀ iyanrìn ni a máa ń sọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, n óò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti rí NIS 87 rí. Tí kò bá sí, n óò dá a lábàá pé kí a dá owó rà á, kí a sì kọ̀wé sí SON pé nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ yẹ ìwé náà wò, kí wọ́n jẹ́ kí á gbọ́.

Bàbá, mo ti ya búlọ́ọ̀kù mẹ́ta sọ́tọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò lára àwọn tuntun tí mo fi 42.5 mọ. Mo fi ẹfun kọ ọjọ́ sí wọn lára, mo sì ń wọ́n omi sí wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Níbo ni mo lè gbé wọn lọ tí ọjọ́ 28 bá pé, kí n lè mọ ohun tí mo ń tà?

Bàbá Yàrá Ìdánwò, Ẹ̀pẹ́

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní yàrá ìdánwò ohun èlò ìkọ́lé tirẹ̀, wọn yóò bá yín tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe mú mẹ́ta tí ẹ ti ń kẹ́ lábẹ́ máńgòrò nìkan lọ. Ẹ fa mẹ́ta mìíràn yọ láàárín òkìtì tí oníbàárà ń rà, ẹ di ojú yín mú wọn, kí ẹ kọ ọjọ́ tiwọn náà sí wọn lára. Tí èsì bá jáde, ẹ padà wá sọ nọ́ńbà méjèèjì fún wa níbí.